Ìlà Méjì Tí Wọ́n Ní Kò Pọn Dandan

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Alhaja Rísíkátù, nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ìgbèríko kan, gba ìwé wá-wí-tẹnu-ẹ. Kò pé wákàtí kan lẹ́yìn náà tí fóònù mi fi dún níbi tí mo jókòó sí nínú ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, tí mo ń jó wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ bọ́ọ̀dù.

"Ẹnjiníà," ni obìnrin náà wí. Kò kí mi, bẹ́ẹ̀ ẹni tó máa ń béèrè ìyàwó àti ọmọ lọ́wọ́ mi kó tó sọ ohunkóhun ni. "Wọ́n ní mo pa ẹ̀rọ yín. Wọ́n ní odidi oṣù kan ni mo fi pa á, tí mo jẹ́ kí abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọ bàjẹ́ sínú fìríìjì. Ìwọ lo gbé ẹ̀rọ náà wá. Wá bá mi sọ ibi tí wọ́n ti ń pa á fún wọn, torí èmi ò mọ̀ ọ́n."

Kò síbi tí wọ́n ti ń pa á. Èmi fúnra mi ni mo yọ bọ́tìnnì ìpaná kúrò lára àpótí náà kí ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó ní, "Ó ku ọdún kan péré kí n fẹ̀yìn tì, Wàsíù." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa pe orúkọ mi gan-an. Inú bí mi lọ́jọ́ náà, inú ọ̀hún kò sì tíì rọ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Mo ti lé ní ogún ọdún nídìí iṣẹ́ àtúnṣe ẹ̀rọ. Rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ni mo fi bẹ̀rẹ̀, lọ́dọ̀ Bàbá Sàlámì, ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ń di àdìrẹ oníko ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Bàbá a máa ṣa àjákù ìko ìyàwó rẹ̀ sápò. Kí ó tó tú wáyà kan kúrò nínú rédíò oníbàárà, á ti so ìko mọ́ ọn: kókó kan fún èyí, kókó méjì fún tọ̀hún. Ó ní kí gbogbo wa máa ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi rò pé ọ̀ràn àgbà ni. Lọ́jọ́ kan tí Bàbá lọ kírun Ọ̀sán, mo tú rédíò tíṣà kan palẹ̀, mo ní orí mi pé, màá rántí ibi tí wáyà kọ̀ọ̀kan ti wá. Nígbà tí mo dá a padà tán tí mo sì tan iná sí i, èéfín ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, rédíò kò sọ nǹkan kan. Tíṣà náà gbé e mọ́ra bí ọmọ tó ń ṣàìsàn. Bàbá kò nà mí, àmọ́ ohun tí wọ́n sọ dùn mí ju ẹgba lọ. Wọ́n ní, "Orí rẹ kọ́ ni ibi tí orúkọ wáyà ń gbé. Ara wáyà ni orúkọ wáyà ń gbé."

Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n di pẹlẹbẹ, tí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í jù ú nù dípò kí wọ́n tún un ṣe, mo lọ kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kéékèèké, àwọn tó máa ń wà nínú ẹ̀rọ mìíràn tí èèyàn kì í rí. Ilé-iṣẹ́ kan ní Èkó gbà mí gẹ́gẹ́ bí aṣojú wọn nílẹ̀ Ẹ̀gbá. Àpótí kan ni wọ́n ṣe, kò ju ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ ilé-ìwé lọ, tó ń ṣọ́ fìríìjì tí wọ́n ń kó abẹ́rẹ́ àjẹsára sí láwọn ilé ìwòsàn ìgbèríko. Abẹ́rẹ́ yẹn kò gbọdọ̀ gbóná, kò sì gbọdọ̀ dì. Tí kò bá sí àkọsílẹ̀ pé ó wà nínú ìtutù tó yẹ, dídà ni wọ́n máa dà á nù, kódà bó bá ṣì dára. Nítorí náà àkọsílẹ̀ yẹn ni ẹ̀mí iṣẹ́ náà.

Ibi ìpamọ́ méjì ló wà lára bọ́ọ̀dù inú àpótí ọ̀hún. Àkọ́kọ́ ni èyí tí wọ́n jó mọ́ bọ́ọ̀dù, tí kò ṣe é yọ. Ti inú là ń pè é, ibẹ̀ sì ni ẹ̀rọ ń kọ ìtutù fìríìjì sí ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá. Èkejì ni mẹ́mórì káàdì, irú èyí tó ń wọ fóònù. Ní òpin oṣù, nọ́ọ̀sì á tẹ bọ́tìnnì kan. Ẹ̀rọ á kọ́kọ́ nu káàdì mọ́ tónítóní, á wá da àkọsílẹ̀ oṣù náà kọ láti ti inú sórí káàdì, á sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ oṣù tuntun. Èmi á wá gun ọ̀kadà lọ gba káàdì.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé sọ́fítíwíà kò lójú. Inú bọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ni ìwé àpèjúwe kan wà tó ń sọ fún un pé ojú tó ń wo ìtutù wà níhìn-ín, ibi ìpamọ́ kan wà lọ́hùn-ún, ọ̀nà báyìí ni kí o gbà dé ọ̀dọ̀ wọn. Bí ìwé yẹn kò bá sọ orúkọ ibi ìpamọ́ kọ̀ọ̀kan, sọ́fítíwíà á sọ wọ́n lórúkọ fúnra rẹ̀. Èyí tó bá kọ́kọ́ jí nígbà tí iná bá dé, á pè é ní òdo, torí àwọn oníkọ̀ǹpútà kì í bẹ̀rẹ̀ òǹkà láti oókan bíi tiwa. Èyí tó bá tẹ̀lé e, á pè é ní oókan. Lọ́jọ́ tí iná bá tún lọ tó tún dé, á tún wọn sọ lórúkọ. Àṣẹ tí wọ́n sì kọ sínú àpótí wa ni pé kí ó nu oókan.

Tẹ́lẹ̀, ńṣe ni àwọn ẹ̀yà bọ́ọ̀dù ń tò jí níkọ̀ọ̀kan, ti inú ló sì ń ṣáájú, nítorí náà káàdì ni oókan lójoojúmọ́. Lẹ́yìn náà ni sọ́fítíwíà tuntun dé láti Èkó. Wọ́n ní gbogbo ẹ̀yà á máa jí lẹ́ẹ̀kan náà báyìí kí ẹ̀rọ lè tètè tàn. Nígbà tí mo kà á, mo tún un kà lẹ́ẹ̀kejì. Mo pe ọ̀gá wa, Ọ̀gá Fẹ́mi, ọ̀dọ́mọkùnrin tó kàwé dáadáa, tí kì í sì í fojú di àgbà lẹ́nu.

Mo ní, "Ọ̀gá, bí wọ́n bá jọ ń jí lẹ́ẹ̀kan náà, tí káàdì bá lọ ṣáájú ńkọ́? Ti inú ló máa di oókan yẹn o."

"Kò lè ṣáájú, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀sẹ̀ méjì la fi dán an wò níbí. Kò ṣáájú rí."

"Ẹ jẹ́ ká kọ ìlà méjì péré sínú ìwé àpèjúwe yẹn. Ọ̀kan á sọ pé èyí tí wọ́n jó mọ́ bọ́ọ̀dù ni òdo títí ayé, èkejì á sọ pé káàdì ni oókan, ìgbà yòówù kó jí."

"Kò pọn dandan, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má jẹ́ ká fi ọwọ́ ara wa fa iṣẹ́. Ẹ bá mi fi í sí gbogbo àpótí kí oṣù tó parí."

Ilé là ń wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ. Wọn ò wo ilé kankan. Ọ́fíìsì tí iná kì í lọ ni wọ́n jókòó sí dán ẹ̀rọ wò, níbi tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ni àpótí ń jí lóòjọ́, pẹ̀lú iná tó le dáadáa. Ní abúlé tí Alhaja wà lẹ́yìn Owódé, iná lè lọ kó dé ní ìgbà mẹ́rin kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìgbà mẹ́rin ni wọ́n ń tún ibi ìpamọ́ sọ lórúkọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo níbẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ní Èkó kò sì mọ̀. Mo mọ̀. Mo sì dákẹ́, mo gbé sọ́fítíwíà wọn, mo gun ọ̀kadà, mo lọ fi í sí gbogbo rẹ̀.

Ohun tó tún burú ju ìyẹn lọ ni ọ̀rọ̀ ìwé. Ṣáájú kí àpótí wa tó dé, Alhaja ní ìwé kan tó ń kọ ìtutù fìríìjì sí láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, pẹ̀lú bíírò pupa àti ti búlúù, ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tó ti ń ṣe é. Ilé-iṣẹ́ wa ní kí wọ́n gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ gbogbo nọ́ọ̀sì, pé bí wọ́n bá rí ìwé wọn ò ní fọkàn tán ẹ̀rọ. Èmi ni mo gbà á. Alhaja dì í mú díẹ̀ kó tó jù ú sílẹ̀. Ó bi mí pé, "Ó dá ọ lójú?" Mo ní ó dá mi lójú.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe ṣẹlẹ̀ rèé. Alhaja tẹ bọ́tìnnì ní òpin oṣù bí a ṣe kọ́ ọ. Ọjọ́ kejì ọjọ́ náà ni àwọn alábẹ̀wò ìjọba dé. Wọ́n ṣí àpótí wò, àkọsílẹ̀ ọjọ́ kan péré ni wọ́n bá níbẹ̀. Wọ́n wo káàdì, àkọsílẹ̀ oṣù mìíràn tó ti kọjá ló wà lórí ẹ̀. Wọ́n ní ó hàn gbangba: obìnrin yìí ti pa ẹ̀rọ láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, nígbà tó gbọ́ pé àwọn ń bọ̀ ló sáré tàn án. Ọjọ́bọ̀ ni, ọjọ́ abẹ́rẹ́. Àwọn ìyá ọlọ́mọ ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Ojú gbogbo wọn ni wọ́n ti kó abẹ́rẹ́ jáde nínú fìríìjì, tí wọ́n dà á nù, tí wọ́n sì ń sọ ọ́ sókè pé ó ti bàjẹ́. Kò sẹ́ni tó rò ó pé kí wọ́n bi Alhaja léèrè ọ̀rọ̀ kan kí wọ́n tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì tí Alhaja pè mí, mo lọ bá a. Bẹ́ǹṣì náà ṣófo. Òun nìkan ló jókòó nínú yàrá, ó ń ká òwú mọ́ ìka rẹ̀.

Ó ní, "O rí ilé yẹn lọ́wọ́ ọ̀tún, níbi tí wọ́n ti ń yan gàrí? Ìyàwó ilé ibẹ̀, Múínà, ọwọ́ èmi ló bí ọmọ rẹ̀ sí. Ìrọbí ọ̀hún gba ọjọ́ kan àbọ̀, mi ò fojú ba oorun. Lánàá, ó ní òun ò lè gbé ọmọ òun fún ẹni tó ń fi abẹ́rẹ́ tó bàjẹ́ gún ọmọ ọlọ́mọ. Ó sọ ọ́ kí n lè gbọ́."

Mo ní, "Alhaja, ẹ rántí bó ṣe rí lọ́jọ́ tí ẹ tẹ bọ́tìnnì?"

Ó gbójú sókè wò mí. "Ìwọ lẹni àkọ́kọ́ tó máa bi mí. Iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Kò tiẹ̀ lágbára, gílóòbù ń pọ́n bí ojú ọ̀mùtí. Àpótí yín ní iná kékeré méjì, àbí? Ọ̀kan aláwọ̀ ewé, ọ̀kan aláwọ̀ òféèfèé. Ti ewé ló máa ń kọ́kọ́ tàn. Lọ́jọ́ yẹn, ti òféèfèé ló kọ́kọ́ tàn. Mo rí i. Mo ní bóyá bẹ́ẹ̀ náà ló ń ṣe."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Iná ewé ni ti inú, iná òféèfèé ni ti káàdì. Káàdì ló kọ́kọ́ jí. Káàdì ni ẹ̀rọ pè ní òdo, ti inú ló pè ní oókan, ó sì nu oókan gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe pàṣẹ fún un. Àkọsílẹ̀ oṣù kan odindi ló nù nù yẹn, kò wá sí ohun tó máa dà kọ sórí káàdì mọ́, ìdí nìyẹn tí ti oṣù tó ti kọjá fi ṣì wà lórí rẹ̀. Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún Alhaja bí mo ṣe ṣàlàyé rẹ̀ yìí.

Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ kì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀. Ó na òwú ọwọ́ rẹ̀ sí mi. "Ìbejì mélòó ni mo ti gbẹ̀bí wọn nínú yàrá yìí? Kí èkejì tó yọjú, mo ti so òwú mọ́ ọrùn ọwọ́ Táíwò. Ìyá wọn lè má mọ̀ wọ́n yàtọ̀, òwú mọ̀. Bí Kẹ́hìndé bá wá kọ́kọ́ jí láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ṣé òun ló máa di Táíwò ni?"

"Rárá, mà."

"Kí ló wá dé tí ẹ̀yin tí ẹ kàwé ò fi so òwú mọ́ ti yín?"

Mo ní mo sọ fún wọn. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jáde lẹ́nu mi ni mo mọ̀ pé àwáwí lásán ni. Ẹni tó sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan tó sì lọ ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe, kí ló fi yàtọ̀ sí ẹni tí kò sọ?

Mo padà sí Ìtòkú, mo gbé àpótí kan tó jọ tirẹ̀ gẹ́lẹ́ sórí tábìlì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pa iná, mo ń tàn án. Mo ń fi ẹfun fa ìlà sára ògiri. Ìgbà ogójì, iná ewé ló kọ́kọ́ tàn. Kí n má parọ́, ó fẹ́ máa ṣe mí bíi pé ojú Alhaja ló tàn án. Ìgbà yẹn ni mo rántí gílóòbù tó ń pọ́n bí ojú ọ̀mùtí. Mo lọ bá aládùúgbò mi, Bọ̀dá Télọ̀, mo ní kó jẹ́ kí n so àpótí mọ́ jẹnẹrétọ̀ kékeré rẹ̀, kó sì ki áyọ́ọ̀nù bọ ọ́ pẹ̀lú, kí iná náà lè rẹ̀wẹ̀sì. Ó wò mí bíi pé orí mi ti dàrú, ṣùgbọ́n ó gbà. Nígbà kẹfà, iná òféèfèé ló kọ́kọ́ tàn. Mo pariwo, "Ó ti jẹ́ bẹ́ẹ̀!" Bọ̀dá Télọ̀ sá jáde pẹ̀lú ṣòkòtò oníbàárà lọ́wọ́, ó rò pé jẹnẹrétọ̀ òun ti gbiná.

Mo pe Ọ̀gá Fẹ́mi lójú ẹsẹ̀. Mo rò pé á bá mi yọ̀ pé a ti rí ìdí ọ̀rọ̀. Ẹni tí a ní kó fẹ́ wa lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Ó ní, "Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. A máa kọ ìlà yẹn sínú èyí tó ń bọ̀. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ ẹ̀ fún àwọn ìjọba. Wọn á ní gbogbo àpótí wa ni kò dáa."

"Alhaja ńkọ́? Wọ́n fẹ́ gbé e síwájú ìgbìmọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Ṣebí ọdún kan ló kù fún un? Kí ni wọ́n tún lè fi ṣe?"

Mo gé fóònù náà. Ọmọ ọdún mélòó ni? Ó ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n, ó ń fi ẹ̀yin bá mi sọ̀rọ̀, ó sì lè la ẹnu rẹ̀ sọ pé kí obìnrin tó ti fi ọgbọ̀n ọdún gbẹ̀bí ọmọ ọlọ́mọ gbé ẹ̀bi tiwa lọ sílé ìsinmi. Ọ̀wọ̀ wo ló wà nínú ìyẹn? Èébú tí kò ní ọ̀rọ̀ èébú nínú ni.

Nígbà tí ọjọ́ ìgbìmọ̀ pé, mo gbé àpótí, jẹnẹrétọ̀ Bọ̀dá Télọ̀ àti áyọ́ọ̀nù rẹ̀, mo kó wọn lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti fẹ́ jókòó l'Abẹ́òkúta. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà bi mí pé ṣé aṣọ ni mo fẹ́ wá lọ̀ fún àwọn ọ̀gá. Mo ní nǹkan tó rún ni mo fẹ́ wá nà. Ó jẹ́ kí n wọlé.

Èèyàn mẹ́ta ló jókòó nídìí tábìlì, dókítà obìnrin kan ni alága wọn. Alhaja wà lórí àga lẹ́yìn, ó fi ìborùn funfun borí. Ọ̀gá Fẹ́mi náà wá láti Èkó, ó wọ kóòtù. Nígbà tó rí jẹnẹrétọ̀ lọ́wọ́ mi, ojú rẹ̀ yí padà. Mo gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ki áyọ́ọ̀nù bọ ọ́, mo fa wáyà wọlé, mo fi àkọsílẹ̀ tó wà nínú ti inú han alága, ó rí i pé ó kún. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í pa iná, mo ń tàn án.

Ẹ̀ẹ̀kan, ewé. Ẹ̀ẹ̀mejì, ewé. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án tí ó ṣì ń jẹ́ ewé, Ọ̀gá Fẹ́mi wúkọ́, alága wo aago ọwọ́ rẹ̀. Mo tàn án nígbà kẹwàá.

"Òun nìyẹn," ni Alhaja wí láti ẹ̀yìn, kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó rí i. Iná òféèfèé ló kọ́kọ́ tàn.

Mo bẹ alága pé kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ bọ́tìnnì. Ó tẹ̀ ẹ́. Mo ṣí àkọsílẹ̀ tó rí lẹ́ẹ̀kan. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Jẹnẹrétọ̀ ṣì ń pariwo ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Alága bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ta ló mọ̀ pé ó lè ṣe báyìí?"

Mo ní, "Èmi mọ̀, mà. Mo sọ fún ọ̀gá mi, wọ́n ní kò pọn dandan, mo sì lọ fi í síbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi náà ni mo gba ìwé tí Alhaja ń fi ọwọ́ kọ ìtutù sí kúrò lọ́wọ́ wọn. Ká ní ìwé yẹn wà níbẹ̀, wọn ì bá má dúró síwájú yín lónìí."

Ọ̀gá Fẹ́mi dá sí i. "Mà, ohun tí kì í sábà ṣẹlẹ̀ ni. Ẹ ṣáà rí i, ìgbà mẹ́wàá kó tó—"

Alhaja dìde. Mi ò tíì gbọ́ kí ó gé ọ̀rọ̀ mọ́ èèyàn lẹ́nu rí ṣáájú ọjọ́ náà. Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀kan ló ṣẹlẹ̀ sí mi. Ó tó mi."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí lè rò pé wọ́n dìde, wọ́n sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Rárá o. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n fi ìwé ránṣẹ́ sí i pé ìgbìmọ̀ ti pa fáìlì ọ̀rọ̀ náà dé, kí ó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Kò sí ibì kan nínú ìwé náà tí wọ́n ti kọ ọ́ pé kò jẹ̀bi. Ilé-iṣẹ́ tiwa fi sọ́fítíwíà mìíràn ránṣẹ́. Mo ṣí ìwé àpèjúwe bọ́ọ̀dù inú rẹ̀, mo rí ìlà méjì tí mo bẹ̀ wọ́n fún níbẹ̀ gẹ́lẹ́, ọ̀kan fún òdo, ọ̀kan fún oókan. Nínú àlàyé tí wọ́n fi tẹ̀lé e, "àtúnṣe kékeré" ni wọ́n pè é. Mo ka ọ̀rọ̀ yẹn títí omi fi bọ́ lójú mi, ìbínú ló fà á, kì í ṣe ẹkún.

Mo fi àtúnṣe kékeré wọn sí gbogbo àpótí, láti Owódé dé Òṣíẹ̀lẹ̀, torí ti àwọn ọmọ ni. Ìgbà tí mo parí èyí tó kẹ́yìn, mo kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n mo kọ́kọ́ pe Ọ̀gá Fẹ́mi. Mo ní ojú gbogbo ìyá ọlọ́mọ ni wọ́n ti ba obìnrin yìí lórúkọ jẹ́, ojú wọn náà ló yẹ ká ti tún un ṣe, kí ó jọ̀ọ́, kí ó bá mi dé abúlé náà ní Ọjọ́bọ̀ kan. Ó ní àwọn agbẹjọ́rò ilé-iṣẹ́ ní kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀ mọ́.

Èmi nìkan ni mo lọ. Wọ́n ti kó abẹ́rẹ́ tuntun dé, fìríìjì kún, àpótí ń tan ewé. Ìyá méjì péré ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Àwọn yòókù wà ní òdìkejì ọ̀nà, lábẹ́ àtíbàbà ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí, wọ́n jókòó yí agbada ká, àwọn ọmọ wọn sùn sórí ẹní. Mo kọjá sọ́dọ̀ wọn. Èéfín kó sí mi lójú.

Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mo gbé ẹ̀rọ yẹn wá. Ẹ̀rọ tiwa ló pa àkọsílẹ̀ ara rẹ̀ rẹ́. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n dà nù lójú yín kò bàjẹ́ rárá. Alhaja ò pa nǹkan kan, wọn ò ṣe nǹkan kan. Èmi ni kí ẹ bú."

Wọ́n sì bú mi. Mi ò purọ́, wọ́n bú mi dáadáa. Ìyá àgbà kan bi mí pé nígbà tí wọ́n ń da abẹ́rẹ́ nù tí wọ́n ń pe ọmọlúàbí ní apànìyàn, níbo ni mo wà. Òmíràn ní láti ìjọ́sí tí àwọn ti ń sọ̀rọ̀ obìnrin yẹn láìdáa, ta ni yóò wá bá àwọn kó ọ̀rọ̀ ọ̀hún padà sẹ́nu.

Múínà, ìyàwó ilé ibẹ̀, ju igbá ìyangàrí ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó nu ọwọ́ mọ́ ìró, ó gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n láti orí ẹní, ó sì sọdá ọ̀nà láìwo ojú mi. Nígbà tó dé iwájú Alhaja, ó kúnlẹ̀ tọmọtọmọ nínú erùpẹ̀. Mi ò gbọ́ ohun tó sọ. Mo rí i pé Alhaja fà á dìde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọ̀já ọmọ náà.

Àwọn yòókù dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo tẹ̀lé wọn, mo lọ dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn ilé ìwòsàn, mo ń wá ọ̀rọ̀ tí mo máa fi tọrọ àforíjì tèmi. Mo ti ń kó o jọ láti Abẹ́òkúta.

Alhaja gbójú sókè, abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Wàsíù," ló ní, "kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ọmọ ń bọ̀."